Má Fi Oríkì Rán Ọmọ Níṣẹ́

Ìtòkú, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Sìdíkátù ọmọ mi, Àníkẹ́ mi, tíṣà mi!

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Bí Tàjù bá ń sunkún, fi ọmú sí i lẹ́nu, kí o sì fi ọwọ́ kejì di ìwé mú. Ọ̀rọ̀ mi pọ̀ lónìí, ayọ̀ ni màá sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí awakọ̀ tí o fi lẹ́tà rán dé ìsọ̀ mi, aṣọ ni mò ń tì bọ inú aró lọ́wọ́. Mo nu ọwọ́, mo ka ìlà àkọ́kọ́: "Ìyá mi, wọ́n ti fún mi níṣẹ́ tíṣà ní Papalanto níbí." Sìdí, mi ò mọ ìgbà tí mo fò sókè! Aró ta sí ìró oníbàárà kan tó wá ná aṣọ, ìró funfun gbòò. Obìnrin náà fẹ́ bínú, mo dì mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ bá mi yọ̀, ọmọ mi ti di tíṣà!" Ó wo ìró rẹ̀, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kúkú bá òun rẹ gbogbo rẹ̀ láró, kí òun náà lè rí nǹkan fi rántí ayọ̀ mi. Mo bá a rẹ ẹ́, mi ò gba kọ́bọ̀.

Gbogbo agboolé ló gbọ́. Mò ń ka lẹ́tà náà sókè fún wọn, kí wọ́n lè rí i pé èmi náà mọ̀wé, nítorí o mọ̀ pé ìyá rẹ fẹ́ràn ṣekárími díẹ̀. Mo kà á títí mo fi kan ìsàlẹ̀: "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọmọbìnrin kékeré kan láti abúlé, tí yóò máa bá mi pọn Tàjù, tí yóò sì máa ṣe iṣẹ́ ilé bí mo bá ti lọ sí ilé ìwé. Èyí tí kò tíì gbọ́n jù ni kí ẹ wá o." Ìyẹn ni mo kà sínú. Mi ò kà á sókè fún ẹnikẹ́ni.

Má bẹ̀rù, mi ò ní bú ọ. Ọ̀pọ̀ tíṣà tí mo mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá náà ló sì ń bá wọn wá a. Ìdáhùn sí ẹ̀bẹ̀ rẹ wà nínú lẹ́tà yìí, ó sì dùn. Mo ti bá ọ rí ọmọ ọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ló ṣíwájú. Má sì ṣí i láti ẹ̀yìn kà o! Mo mọ ìwà rẹ.

Èkíní. Ẹnu dídùn lè ba ọwọ́ ọmọdé jẹ́ ju pàṣán lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oko ni bàbá àti ìyá mi ń gbé. Bàbá mi wá fi mí sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Kẹ́mta, kí n lè máa ti ibẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Alaró ni, Ìyá Kẹ́mta sì ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Mo fẹ́ kí o mọ èyí dáadáa: kò nà mí rí, kò sì fi ebi pa mí rí. Bí ẹran bá wà nínú ọbẹ̀, ó ń kàn mí. Oríkì ni ohun tó ní lọ́wọ́.

Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́. A ó fi okùn rán aṣọ funfun, a ó fà á le, a ó rẹ ẹ́ láró, a ó sá a. Bó bá gbẹ tán, ẹnìkan gbọ́dọ̀ tú gbogbo okùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kí funfun abẹ́ rẹ̀ tó lè yọ. Bí àgbàlagbà bá fi abẹ tú u, ó lè gé aṣọ, aṣọ tó bá sì ti ní ihò ti di àkísà. Ìka ọmọdé ló bá iṣẹ́ náà mu. Ìka wa tín-ín-rín, ojú wa ríran, a ò sì mọ ìgbà tó yẹ ká sọ pé ó tó.

Bí mo bá ti ilé ìwé dé, Ìyá Kẹ́mta á jókòó sórí àpótí, á kó aṣọ síwájú mi, á wá bẹ̀rẹ̀: "Àṣàbí! Àṣàbí ọmọ abẹ́ Olúmọ! Ọmọ alaró tí ń sọ funfun di dúdú! Ìka rẹ ni mo fi ń jẹun, Àṣàbí!" Sìdí, orí mi á wú. Màá gbàgbé ebi, màá gbàgbé eré òṣùpá. Màá tú okùn títí èékánná mi á fi máa ṣẹ̀jẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọwọ́ mi á rọ. Bó bá tún kì mí, ọwọ́ mi á tún yá.

Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ni mo sọ fún bàbá mi pé mi ò lọ sí ilé ìwé mọ́. Gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Mo ní, "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa kì mí?" Ní ilé ìwé, tíṣà ò mọ oríkì mi. Orúkọ bàbá mi ló fi ń pè mí, bí ẹni ń pe onígbèsè. Ìyá Kẹ́mta gbé mi lé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí ọmọ tó mọ ẹni tó fẹ́ràn òun?" Bàbá mi padà sí oko.

Ọdún Iléyá ló tú àṣírí. Wọ́n ń lé làálì fún àwa ọmọbìnrin. Bí làálì ti kan ọwọ́ mi, mo figbe ta. Gbogbo ìka mi ló ti bó, aró sì ti wọ inú egbò. Nígbà tí wọ́n ṣan ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi, tiwọn pupa, ó dára wò. Tèmi dúdú bí ìdí ìkòkò, làálì kò tilẹ̀ hàn níbẹ̀. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àgbò tán ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, "Àbúrò mi, kí ló ń jẹ ọmọ yìí lọ́wọ́?"

Ìyá Kẹ́mta ní, "Bọ̀dá mi, mò ń kẹ́ ẹ ni! Ẹ bi òun gan-an léèrè."

Wọ́n bi mí. Mo ní, "Wọ́n ń kẹ́ mi." Òótọ́ ni mo sì sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú nìyẹn.

Bàbá mi kò bá a jà. Ó kàn ní kí n lọ di ẹrù mi, ó sì wá ilé mìíràn fún mi tó sún mọ́ ilé ìwé. O mọ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé: wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí kò bá kàn án, kò tíì tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Ọjọ́ tí mo padà, ọwọ́ mi kọjá etí, ó kan ọrùn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ni wọ́n sọ mí lórúkọ, orúkọ náà ni mo sì jẹ́ títí mo fi ka Sítáńdáàdì Síìsì. Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ni mò ń kọ lẹ́tà sí tíṣà lónìí!

Èkejì. Má rò pé ẹni tí ìyà ti jẹ rí kò lè fi jẹ ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa ni ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe.

O mọ Múlí, tó pọ̀n ọ́ dàgbà, tí o ń pè ní àǹtí títí di òní. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá láti abúlé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀. Gbogbo ayé ni mo sọ fún pé ọmọ mi ni. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí ilé ìwé yá, ìwọ ni mo gbé ọwọ́ rẹ gba orí kọjá. Ti Múlí ti kan etí tipẹ́tipẹ́, mi ò tilẹ̀ wò ó. Ó ń mú ọ lọ, ó ń mú ọ bọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ló ti ń padà wá bá mi tú okùn. Kí ni mo wá fún un? Oríkì, kí ni ì bá tún jẹ́! Mo mọ̀ ọ́n ṣe ju Ìyá Kẹ́mta lọ.

Màá sọ ohun kan fún ọ tí mi ò tíì sọ rí. Níbi ìkómọ Tàjù, nígbà tí ìwọ wà ní yàrá pẹ̀lú ọmọ, Múlí wọlé. Ó wọ aṣọ tó dára, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo fún un ní àga, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ tó bá mi pọn Sìdí!" Kí n tó dé ìlà kejì, Múlí ti fi òkèlè sílẹ̀. Ó dìde, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí àwo kún sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n.

Mo sáré tẹ̀ lé e. "Múlí, kí lò ń ṣe? Àlejò ni ọ́!"

Ó dúró, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, mo gbọ́ oríkì mi ni. Mo rò pé iṣẹ́ ti yá."

Àníkẹ́, mo ká apá aṣọ tèmi náà sókè. Mo fa àpótí, mo jókòó tì í, a jọ fọ àwo náà tán. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, fún kí ni? Ó ní èmi ni mo tọ́ òun. Ó wá sọ fún mi pé ọmọ òun obìnrin ti wọ ilé ìwé, pé òun ń bá a kọrin á-bí-dí ní alẹ́ kí òun náà lè mọ̀ ọ́n. Mo yọ̀ fún un, ọkàn mi sì gbọgbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni méjèèjì.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìwé alàwòrán kan tí o mú wálé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì. O ní kí n wá wo bí ìyà ṣe ń jẹ ọmọdé káàkiri ayé. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jókòó nídìí ẹní olówùú tí wọ́n ń hun. Ọmọkùnrin kan wà tí èédú ti bo gbogbo ojú rẹ̀ àfi ẹyin ojú. Àwọn mìíràn wà nínú oko òwú, òwú sì ga jù wọ́n lọ. Mo patẹ́ mọ́wọ́, mo ní, "Háà, àwọn ará ibí yìí ò mà láàánú o!" Nígbà tí mò ń sọ ọ́, àwọn ọmọ àwọn aládùúgbò wa jókòó lẹ́yìn wa nínú ìsọ̀, wọ́n ń tú okùn mi. Ìwọ kò rí wọn, èmi náà kò rí wọn. Bí a bá gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ ni, bóyá à bá gbọ́ tí ẹnìkan ń wí fún ọmọ tó ń hun ẹní pé kò sí ìka tó dà bí tirẹ̀ láyé.

Ẹ̀kẹta. Wọn yóò fi òwe bá ọ jà. Ọ̀kan lára àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ á ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú òwe yẹn, ara wọn ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Bí ọmọ bá ti ki ọwọ́ bọ kèrègbè fún ọ, bi ara rẹ léèrè: kí ni ìwọ bá a mú sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ? Bí o kò bá rí nǹkan kan tọ́ka sí, o ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, má sì fi òwe san án.

Mi ò ní kí ọmọ má ṣiṣẹ́ o! Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tọ́ ọmọ tí yóò máa wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń gbálẹ̀. Ìwọ náà gbálẹ̀, o pọnmi, o fọ abọ́, o sì máa ń jà fún un bí ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tìrẹ lópin. Bí agogo ilé ìwé bá ti dún, o ti lọ. Iṣẹ́ tó bá ń kọ́ ọmọ, ṣe é pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó bá ń jẹ ọmọ, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ta ni.

Ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé, ìwọ tíṣà ni kí o bá mi kà á. Ní kíláàsì rẹ, kọ́kọ́ wo ọwọ́ kí o tó wo ìwé. Títì ńlá ló gba Papalanto kọjá, mo sì mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò níbẹ̀ pẹ̀lú igbá ẹ̀pà àti ẹ̀kọ lórí. Bí ọmọ kan bá pẹ́ dé, má tíì gbé pàṣán. Bi í léèrè ohun tó ti ṣe láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Bó bá sùn sórí tábìlì, jẹ́ kó sùn díẹ̀. Kí o sì kọ́ oríkì wọn! Kọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ ohun tó ń lé wọn kúrò ní ilé ìwé ni pé kò sẹ́ni tó ń kì wọ́n níbẹ̀.

Ó dáa, wàyí o, gbọ́ ìròyìn!

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Sáfú dé, ìbátan bàbá rẹ tó ń dáko lẹ́yìn Papalanto. Ó ti gbọ́ ní Papalanto pé o ń wá ọmọ. Mi ò tíì jókòó tí ó ti ti ọmọ rẹ̀ síwájú. Sáfú kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó dá irun sí méjì, aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku ọ̀nà.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ìyá Sìdí, ọmọ tíṣà nìyí. Ó gbọ́ràn o. Àwẹ̀ró loríkì rẹ̀. Bí ẹ bá ti pè é bẹ́ẹ̀, kò síṣẹ́ tí kò ní ṣe. Bó bá ṣàṣìṣe, ẹ nà án, ọmọ yín ni."

"Ọmọ mi kẹ̀? Àwọn ọmọ tèmi, ilé ìwé ni wọ́n ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá Sáfú ti kú ni ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo sì rí i pé nígbà tó ń sọ pé kí a nà án, ojú ẹ̀gbẹ́ kan ló ń wò. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Bí àwa méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀, tí mo wẹ̀yìn báyìí, Sáfú ti jókòó ti aṣọ tí mo kó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó fi ìka wá ìdí okùn, ó fà á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, aṣọ kò ya. Sìdí, ọmọ yẹn níka! Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀: "Àwẹ̀ró..."

Ojú rẹ̀ tàn. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí i, bí ìgbà tí wọ́n da epo sí iná. Ni mo bá pa ẹnu dé, ó kù díẹ̀ kí n gé ahọ́n ara mi jẹ. Ìyá Kẹ́mta ló fẹ́ gba ẹnu mi sọ̀rọ̀!

Mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Ó kan etí, ó tún kù. Mo ní, "Ó ti tó ilé ìwé lọ tipẹ́. Sáfú, ṣé wàá lọ?"

Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. "Mà, bí mo bá lọ, ta ni yóò máa kì mí?"

Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ? Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún bàbá mi ní Kẹ́mta ni, kò yọ ọ̀kan kù! Mo bú sẹ́kún, mo tún bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó wà nínú ìsọ̀ rò pé nǹkan ti ṣe mí. Mo dìde, mo lu tábìlì, mo ní, "Ó tó! Ọmọ yìí ń lọ sí Papalanto, ṣùgbọ́n ìwé ni yóò lọ kà níbẹ̀. Ilé tíṣà ni yóò máa gbé, kíláàsì ni yóò máa jókòó sí."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ìwé kò ní bá tíṣà pọn ọmọ o, Ìyá Sìdí."

"Mo ti rí ẹni tí yóò pọn ọmọ tíṣà."

"Ta ni?"

Mo sọ orúkọ ẹni náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó dìde. Ìwé ọ̀fẹ́ ni, Papalanto kò sì jìnnà sí oko rẹ̀. Bó bá ti wá ná ọjà, yóò rí ọmọ rẹ̀, bí ilé ìwé bá sì gba ìsinmi, ọmọ á padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ro gbogbo ìyẹn. Ó wá ní, "Bó bá mọ̀wé tán, ṣé yóò ṣì máa kúnlẹ̀ kí mi?"

Mo ní, "Tíṣà tí yóò kọ́ ọ gan-an, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ mú un lọ." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú Sáfú, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tìrẹ wá dà? Ó wà o! Gbọ́ ìwà rẹ̀ dáadáa kí o má baà sọ pé mo tàn ọ́. Kì í ṣe ọmọ kékeré. Eyín rẹ̀ méjì ti lọ. Ó máa ń hanrun, ọkọ rẹ gbọ́dọ̀ fara dà á. Kì í jẹ ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran, kò ṣeé nà, kò sì ṣeé bú. O ní kí n wá èyí tí kò tíì gbọ́n jù. Èyí gbọ́n ju ìwọ lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ pọ̀n, nítorí pé ó ti pọn ìwọ náà rí, díẹ̀ díẹ̀, ní ọjọ́ tí Múlí bá lọ sí abúlé. Wàyí o, ó fẹ́ pọn èyí tó kù.

Èmi ni, Àníkẹ́! Èmi ìyá rẹ ni mò ń bọ̀ wá pọn Tàjù títí yóò fi máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré!

Má bi mí nípa ìsọ̀. Àwọn obìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ti dàgbà tó láti dá aró pa, màá sì máa wálé wò wọ́n. Mo ti ní kí àwọn ọmọ tó ń tú okùn máa lọ sílé. Àwa àgbà ni a ó máa fi sùúrù tú u. Aṣọ kan ti gé mọ́ wa lọ́wọ́ lánàá, ihò ńlá. Mo fi ṣe gèlè, ìyẹn náà ni màá wé wá.

Ohun kan kù. Ṣé o ti ka iye ìgbà tí mo pè ọ́ ní Àníkẹ́ nínú lẹ́tà yìí? Ṣọ́ra fún ìyá rẹ, mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ ni! Mo fẹ́ kí o gba Sáfú sílé, kó sì jẹ́ pé ọmọ ni lóòótọ́. Bó bá gbálẹ̀, kí Tàjù náà gbálẹ̀ bó bá dàgbà. Ibi tí ẹ bá sùn sí ni kó sùn sí. Bí o kò bá lè ṣe é, sọ fún mi kí a tó wọ mọ́tò. Mi ò ní bínú, ṣùgbọ́n èmi àti òun ni yóò jọ jókòó sí Ìtòkú nígbà náà, màá sì wá ilé ìwé fún un níbí.

Mo mọ̀ pé wàá ṣe é. Tàjù kọ́ ni mo bí, ìwọ ni mo bí, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ.

Bí Ọlọ́run bá fẹ́, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó dé. Sáfú yóò sọ̀ kalẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé orúnkún mi kì í tètè gbọ́. Yóò kúnlẹ̀ kí ọ. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò máa wá iṣẹ́ kiri: yóò fẹ́ gba Tàjù lọ́wọ́ rẹ, yóò fẹ́ gbé korobá, yóò fẹ́ mú ìgbálẹ̀. Má jẹ́ kó mú un. Gbé àga fún un. Jẹ́ kó jókòó títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tó bá wá jókòó tán, tí kò ṣe nǹkan kan fún ọ, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo lórí itan rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí o la ẹnu rẹ, kí o pè é ní Àwẹ̀ró.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà,
Àṣàbí.